Àlejò Tí Kò Ní Oríkì

Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Gbogbo àgbàlá ti di ẹrẹ̀, àwọn adìyẹ ti sá sábẹ́ àká, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ obìnrin tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà Kabasinguzi gbẹ táútáú. Ajá ilé, tí kì í jẹ́ kí àlejò mí, rọra lọ sùn lé e lẹ́sẹ̀.

Kabasinguzi rí i, àmọ́ ta ni yóò ka ẹrẹ̀ sí nígbà tí egungun rẹ̀ ń jó bí igi ìdáná? Àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde ni wọ́n bí mọ́ ọn. Bí òjò bá ti ń ṣú lórí òkè Rwenzori, orúnkún rẹ̀ á ti mọ̀ kí ojú ọ̀run tó mọ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, àwọn kan sọ pé kò ní dàgbà. Ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún báyìí, àwọn tó sọ ọ́ sì ti kú. Ṣùgbọ́n kò lọ́kọ, kò lọ́rẹ̀ẹ́, kò sì rí nǹkan fọwọ́ ṣe. Àwọn obìnrin abúlé Ruteete a máa péjọ hun apẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Orí ẹní ni òun ti máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Kahunde, ìyá rẹ̀, kò kọ́ ọ níṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ìyá fúnra rẹ̀ kì í fọwọ́ kan koríko. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè, á ní ojú ló ń dun òun.

Àlejò náà kò kí i. Ó yọ apẹ̀rẹ̀ kékeré kan jáde, irú èyí tí à ń gbé òkèlè jéró sí níwájú àlejò pàtàkì, ṣùgbọ́n kò tí ì dé ìdajì. Ó fi ìdì koríko kan, ìkó díẹ̀ àti irin ṣóńṣó síwájú Kabasinguzi.

"Bó bá ti ń gún ọ," ó ní, "ìwọ náà máa gún koríko."

Kabasinguzi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìrora kò jẹ́. "Èmi tí mi ò lè di ife mú?"

"Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ ife?"

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Kó koríko jọ, fi ìkó wé e, gún un, fà á. Kó o jọ, wé e, gún un, fà á. Kabasinguzi ń wo ọwọ́ àlejò náà kí ó lè rí bó ṣe ń ṣe é. Obìnrin náà dàgbà jù ú lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ rẹ̀ wú roboto, ó ń dán bí ìka ìkókó. Apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń rùn díẹ̀, bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ jìn. Nígbà tí òjò fi dá, ìrora kò lọ o, irọ́ kò sí níbẹ̀. Àmọ́ ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí Kabasinguzi, ó wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà, bí ìrora bá dé báyìí, àlejò á dé. Ìyá á ti wà lóko tíì ní àkókò náà. Àlejò ń hun ara apẹ̀rẹ̀, Kabasinguzi ń hun ọmọrí rẹ̀. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó jẹ aṣọ àlùfáà, wọ́n á máa sọ ti Kabahuma, aládùúgbò ẹlẹ́nu mímú, tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà lórí ìrọ̀rí. Ọmọrí àkọ́kọ́ wọ́ bí etí ajá. Àlejò tú u palẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó ní kó tún un ṣe. Kabasinguzi bú u, ó tún un ṣe. Inú rẹ̀ dùn bí kò ṣe dùn rí. Ó gbé kóró kọfí tí wọ́n bọ̀ fún un kó rí nǹkan jẹ lẹ́nu, bí a ṣe ń ṣe àlejò. Obìnrin náà kàn gbóòórùn rẹ̀, ó dì í sí etí aṣọ.

Ohun kan ló ń jẹ Kabasinguzi lọ́kàn. Ní ilẹ̀ Tooro wa, ta ni í bá èèyàn jókòó láìmọ oríkì rẹ̀? Oríkì, orúkọ ìkẹ́ kúkúrú tí wọ́n ń fún ọmọ, la fi ń kíni, òun la fi ń dúpẹ́, òun la fi ń tu ẹni tó ń sunkún nínú. Kí wọ́n máa pe èèyàn lórúkọ lásán, bí ẹni sọ òkò lù ú ni. Ó wá bi í léèrè lọ́jọ́ kan.

Àlejò kò gbójú sókè. "Wọn ò fún mi."

"Irọ́ ò. Ta ni wọn ò fún?"

"Níbi tí mò ń gbé, bí wọ́n bá ń kí ara wọn láàárọ̀, bí ó bá ti kàn mí, wọ́n á fò mí."

Àánú ṣe Kabasinguzi. Àwọn oríkì tí a ní kò pọ̀, gbogbo wa la pín wọn lò. Láti ilé wọn dé ìsun omi, òun nìkan kọ́ ló ń jẹ́ oríkì Abwoli, kò sì sí èyí tó dín ti ẹnìkejì kù. Kí ló wá burú nínú ẹ̀?

"Gba tèmi," ó ní. "Abwoli ni mí. Ìwọ náà máa jẹ́ Abwoli."

Àlejò fi irin ṣóńṣó sílẹ̀. "Ṣé o fún mi?"

"Mo fún ọ. Ṣé màá búra ni?"

Obìnrin náà fi ẹnu tọ́ ọ wò jẹ́jẹ́, bí ẹni tọ́ oyin wò: "Abwoli." Ajá dìde lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ké hùn-ún, ó sì wọ abẹ́ ibùsùn.

Òjò mìíràn rọ̀, orúnkún Kabasinguzi kò sọ nǹkan kan. Òtútù mú, kò sọ nǹkan kan. Inú rẹ̀ dùn, ó kó oògùn rẹ̀ tì sí abẹ́ ẹní. Ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìgbà tó ṣe díẹ̀ ni iyọ̀ kò dùn lẹ́nu Kabasinguzi mọ́. Àlejò kò sì wá mọ́, nígbà tí ìrora kò pè é.

Kabahuma yà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìyá àti ọmọ jọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ ń parí ọmọrí. Kabahuma na ọrùn wo inú ilé, ó fi oríkì Kahunde pè é. "Akiiki, ìwọ nìkan lo wà nílé? Ọmọ ẹ dà?"

Kahunde rò pé àwàdà rẹ̀ ni, ó lé e lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó yí padà, ó rí i pé irin ṣóńṣó ti wọ ìka ọmọ òun. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Ọmọ náà ṣì ń hun iṣẹ́ lọ.

"Abwoli," ó pè é.

Kabasinguzi kò gbọ́.

"Abwoli."

Inú ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé ni ohùn kan ti dáhùn, tẹ́ẹ́rẹ́, pẹ̀lú ayọ̀: "Mo wà níbí, Màámi."

Kahunde di ọmọ rẹ̀ lápá mú, apá náà tutù bí ìkòkò omi, ó sì béèrè ohun tó ti ṣe. Kabasinguzi sọ gbogbo rẹ̀, láti ẹsẹ̀ tí kò ní ẹrẹ̀ títí dé oríkì. Nígbà tí wọ́n máa fi wo ẹnu ọ̀nà, apẹ̀rẹ̀ náà ti wà níbẹ̀, ó ti parí. Láti ìdí rẹ̀ dé ìdajì, koríko rẹ̀ ti dúdú bí ohun tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀. Ìdajì tó kù funfun.

Ìyá jókòó sílẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà lé ẹsẹ̀.

"Mo bí ọmọ kan ṣíwájú rẹ," ó ní. "Wọ́n ti dájọ́ oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ fi fún un ní oríkì. Mo ń hun apẹ̀rẹ̀ tí a máa gbé òkèlè náà sí. Ni ọwọ́ rẹ̀ bá wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Kò dúró de oúnjẹ náà. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ tì í, a sì bò wọ́n mọ́lẹ̀ pọ̀ nínú ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀." Ó nu ojú. "Mi ò sọ fún ọ, kí o má baà mọ ọ̀nà tó gbà, kí o sì tẹ̀ lé e."

"Ó ti dàgbà, Màámi," ni Kabasinguzi wí. "Ìka rẹ̀ nìkan ló ṣì rí bẹ́ẹ̀."

Ìyá kò lọ bá ẹnikẹ́ni fún àlàyé. Ó gbé omi kaná, ó ro òkèlè jéró, ó se olú pẹ̀lú ẹ̀pà, ó ní kí wọ́n pe Kabahuma padà, nítorí oríkì kì í jẹ́ tí kò bá sí ẹni tó bá ni jẹun sí i. Nígbà tó wo inú apẹ̀rẹ̀, kóró kọfí tí wọ́n ti bọ̀ wà ní ìsàlẹ̀. Ó ti hù. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé òkèlè sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi ọmọrí dé e. Wọn kò fi nǹkan wọn ọ́n rí, síbẹ̀ ó bá a mu bí ìpéǹpéjú ṣe ń bá ojú mu.

Ẹ̀gbẹ́ ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti jẹ ẹ́. Kahunde bu òkèlè àkọ́kọ́ sílẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "oúnjẹ rẹ pẹ́. Má bínú. Abooki ni oríkì rẹ, ìwọ nìkan ni mo fún, láti ọwọ́ mi. Dá ti àbúrò rẹ padà fún un."

Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò mì. Kabahuma, tí òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. "Abwoli, ìgbà wo lo jókòó síbí?"

Kí Kabasinguzi tó dáhùn, ìrora wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí, ó sọ̀ kalẹ̀ sí orúnkún, ẹ̀jẹ̀ sì yọ ní ìka rẹ̀. Ó figbe ta. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ó ń dùn ọ́? Abwoli mi, ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí, Màámi."

"Ó ṣeun, ó ṣeun."

Ìyá fúnra rẹ̀ ló wá oògùn lábẹ́ ẹní.

Kabasinguzi ti wà lára àwọn tó ń hun apẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Kẹ̀kẹ́ Kabahuma ló ń gbé e lọ, tèébú tèébú. Kahunde náà ń lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé iṣẹ́. Ọjọ́ tí ìrora bá pọ̀, iṣẹ́ Kabasinguzi máa ń dára jù. Kò sì sí ìgbà tí kì í fi àyè ẹnìkan sílẹ̀ lórí ẹní ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kabahuma ní ìgbéraga ni.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan wá láti ìlú Fort Portal láti ra apẹ̀rẹ̀. Òjò ń rọ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ẹní ti tutù. Obìnrin náà kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó ń béèrè oríkì wọn, ó ń kí wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kí Adyeri, Kabahuma nìyẹn. Ó kí Akiiki. Ó kí Abwoli. Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àyè tó ṣófo, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Abooki," ó ní, "ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọwọ́ gbogbo wọn dúró lórí koríko. Ajá Kabasinguzi, tó tẹ̀ lé wọn wá, sùn sí àyè náà, ibẹ̀ nìkan ló sì gbẹ.

Kahunde kò gbójú sókè. Ó mú ìdì koríko kan, ó rọra sún un síbẹ̀.