Ẹsẹ̀ Tútù Àbúrò Kílódé

Kílódé ń de bọ́tìnì. Ó ti ọ̀kan bọ ihò. Ó ti òmíràn bọ ihò. Ìka kékeré, iṣẹ́ ńlá.

Òwúrọ̀ yìí ni wọ́n bí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní ilé ìwòsàn. Kílódé ló ń wọ súẹ́tà fún un lórí itan Bàbá.

"Ó tán," ni Kílódé wí.

Ṣùgbọ́n ọmọ ń ké. "Ùàà! Ùàà!"

Kílódé fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tutù nini.

"Kí ló dé?" ni ó bi Bàbá. Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Kílódé.

"Òtútù ń mú un," ni Bàbá wí. Wọ́n fi kúbùsù wé e.

"Ùàà! Ùàà!"

"Ẹ jẹ́ ká gbé e fún Màmá."

"Rọra, ọmọ mi. Dókítà la ikùn Màmá rẹ kó tó gbé àbúrò rẹ jáde. Ọgbẹ́ náà ń dùn ún."

Kílódé wo Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ikùn. Ó wo òkè ikùn. Ó ronú.

Pàtà, pàtà, pàtà. Nọ́ọ̀sì wọlé.

"Àǹtí nọ́ọ̀sì, ọgbẹ́ wà ní ikùn Màmá. Ṣé ó wà ní àyà náà?"

"Rárá o."

"Ṣé ọmọ lè sùn síbẹ̀?"

"Ohun tí mo bá wá gan-an nìyẹn. Ta ló wá múra fún un bí arìnrìn-àjò yìí?"

Kílódé wo Bàbá. Bàbá wo àjà.

"Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín," ni Màmá wí. "Ikùn ń dùn mí."

"Bọ́ súẹ́tà náà, Kílódé," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ara ọmọ, ara ìyá. Kí aṣọ má ṣe wà láàárín."

"Ṣé kò ní tutù sí i?"

"Fojú ara rẹ wò ó."

Kílódé tú bọ́tìnì. Ó tú, ó tú, ó tú.

Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ lé àyà Màmá ní ìbú, jìnnà sí ọgbẹ́. Ó yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè mí dáadáa. Kílódé fi kúbùsù bo àwọn méjèèjì. Kò bo orí ọmọ.

Àyà Màmá ń lù. Kì-kì. Kì-kì.

"Ùàà," ni ọmọ wí. "Ùà... ù..."

Kẹ́kẹ́ pa.

Kílódé dúró, ó dúró. Ó wá ti ọwọ́ bọ abẹ́ kúbùsù. Ó wá ẹsẹ̀ kékeré náà kàn.

"Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́! Kò sì wọ súẹ́tà."

"Kí ló dé?" ni Bàbá bi í.

"Ooru ara Màmá ni," ni Kílódé dáhùn. "Wọ́n ń fún un nínú tiwọn."

Ó ká súẹ́tà dáadáa. Ó fi í sínú àpò. Ọjọ́ tí ọmọ yóò wọ̀ ọ́ ń bọ̀.

Ó di ọwọ́ Bàbá mú. Wọ́n yọ́ rìn jáde, Kílódé sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.