Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tó Ń Wá Ọmú

Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò gbọ́ èyí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìka mi yìí ló kàn án. Bí mo bá purọ́, kí ìka náà má lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́.

Iná sítóófù ló jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin mi nígbà tó lóyún. Ihò tó kù níbẹ̀ gba odidi ẹyin. Ọjọ́ tó bímọ, dókítà ní àwọn á mú ẹran tuntun hù fún un.

"Màmá, a ó mú sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá nítan rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá nìkan á kú. A ó po sẹ́ẹ̀lì tó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ hù mọ́ ọn. Inú ìwọ́ ọmọ yìí la ti máa rí ìyẹn."

"Háà! Ẹ fẹ́ po ọmọ mi bíi kọnkéré?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni ọmọkùnrin tó bí náà lò láyé. Ibà ló pa á. Ẹran tó wà nínú àwo lọ́dọ̀ àwọn dókítà kò mọ̀. Ó ń hù lọ.

Wọ́n fi dí ojú ihò náà. Ó jinná, ó ń dán. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fi òróró pa á lọ́sàn-án, láti ìdí etí wá sí ẹnu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ mi sùn lọ. Fáànù dúró. Ilé pa lọ́lọ́. Mo fi ìka tọ́ ọ láti ìdí etí. Ẹran náà tẹ̀ lé ìka mi. Mo tún un ṣe. Ó sún kì, ó ń fà díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ méje ni mo fún lọ́mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa ń tọ́ wọn lẹ́rẹ̀kẹ́ kí wọ́n lè yanu.

Inú mi dùn débi pé mo bú sẹ́kún. "Ọkọ mi kékeré, ìwọ nìyí?"

Ọmọ mi ti lajú. "Màmá, ẹ̀yin náà rí i?"

"O ti mọ̀?"

"Ó ti tó oṣù kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún dókítà. Wọ́n á gé e kúrò."

Nígbà tá a padà lọ fún àyẹ̀wò, dókítà fọwọ́ tọ́ ọ. Ẹran náà kò mira.

"Ó dáa. Ọ̀rá ni, kì í dá rìn."

A délé. Ọmọ mi ò tiẹ̀ bọ́ bàtà. Ó jókòó, ó gbójú sókè.

"Màmá, ẹ fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án. Kíá ló fà mọ́ mi. Mo wo ìsàlẹ̀. Omi ọmú ti rin aṣọ rẹ̀ láyà, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ tí ọmọ náà ti kú.

"Ebi ń pa á, Màmá. Báwo ni mo ṣe máa fún un?"

Ìka mi ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹran náà ń fà á bí ọmú.