Òfin Tí Mo Kọ fún Ẹ̀rọ Lẹ́tà

Lẹ́tà ọmọ mi obìnrin dé sórí kọ̀ǹpútà mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ojú tó gbé wá kì í ṣe ojú rẹ̀. Níbi tó ti máa ń kọ "Bàbá mi", ohun tí mo rí ni "BÃ bÃ¡ mi". Gbogbo "ẹ" ti di "áº¹". Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ẹni wọlé, tó kí ni, tí ohùn ẹlòmíràn sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀rù kò bà mí. Yàrá kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ omi ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu o, àmọ́ ní gbogbo àdúgbò wa, èmi nìkan ló ṣì ń ka ímeèlì lójú ẹ̀rọ dúdú: kò sí àwòrán, kò sí àwọ̀, kò sí ohun tí à ń fi ìka tọ́ kiri. Ọ̀rọ̀ funfun lórí òkùnkùn, ó tán. Bàbá Ojú Dúdú ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Èmi gbà á bí oyè.

Àìsàn lẹ́tà náà kò ṣàjèjì sí mi. Nọ́ńbà ni gbogbo ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì máa ń gbé ìlà kan sórí, èyí tó ń sọ irú àtẹ tí a ó fi sọ nọ́ńbà rẹ̀ di ọ̀rọ̀. Àtẹ àtijọ́ kò mọ àmì èdè wa; tuntun mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà yìí ní àtijọ́ lòun lò. Irọ́ ni, tuntun ló lò. Lẹ́tà máa ń purọ́ báyẹn, bí àwọn àna ẹni.

Òfin kékeré kan ló yẹ kí n kọ fún ẹ̀rọ: bí lẹ́tà bá ní àtijọ́, fi tuntun kà á. Àmọ́ ohun kékeré kì í tẹ́ mi lọ́rùn. Mo tẹ̀ ẹ́ báyìí pé: má gba ohun tí lẹ́tà kankan bá sọ nípa ara rẹ̀ gbọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an ni kí o kà.

Mo tẹ bọ́tìnnì. Fáànù ẹ̀rọ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti relẹ̀, bí ẹni tó ń fọ ọ̀fun kó tó sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ dán òfin náà wò, mo wá ṣí lẹ́tà àtijọ́ kan tí àbúrò ìyàwó mi fi dúpẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fún un. Mo rántí ohun tó kọ dáadáa: "Ẹ̀gbọ́n, aṣọ náà wù mí púpọ̀." Ohun tó wà lójú ẹ̀rọ báyìí ni: "Aṣọ yìí fún mi lọ́rùn. Ajá ló ń sùn lé e."

Mo pè é lórí fóònù. "Àbúrò, ṣé ajá ń sun oorun dáadáa?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ fún yín?"

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà náà ni mo ṣí lẹ́tà ọmọ mi.

Wẹ́dà ni ọmọ yìí. Ó ń jó irin afárá pọ̀ ní ìlú òkèèrè. Lẹ́tà kan náà ló fi ránṣẹ́ sí èmi àti ìyá rẹ̀. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kà á látinú fóònù tirẹ̀ pé, "Ó ní ara òun le. Ó ní iṣẹ́ ń dùn mọ́ òun."

Ohun tó wà lójú ẹ̀rọ tèmi nìyí: "Ojú mi òsì ti ṣú, ọ̀tún ti ń tẹ̀ lé e. Dókítà ní kí n jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́sẹ̀ yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní ṣeé ṣe mọ́. Mo ti ní rárá. Bí mo bá jí tí mi ò ríran, tí mi ò lè di iná mú mọ́, ojú wo ni Bàbá á fi wò mí?"

Ìyàwó mi wá wo ojú ẹ̀rọ. Ó wo fóònù rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi," ó rọra wí, "kọ̀wé sí i. Jọ̀ọ́, má ṣàwàdà."

Mo gbìyànjú. Àmọ́ ohun tí ọwọ́ mọ̀ lọwọ́ ń ṣe. Ohun tó jáde ni: "Mo gbọ́ pé ojú ń dùn ọ́. Ẹwà mi tí ò ń wò láti kékeré ló fà á. Jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, kí o lè padà wá wò mí sí i." Mo fi ránṣẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó rí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, fóònù dún. Ọmọ mi ni, ó ń sunkún.

"Bàbá, mo ti rí lẹ́tà yín. Mo ti gbà. Wọ́n ń gbé mi wọlé nísinsìnyí."

"Àwàdà ni mo ṣe o."

"Àwàdà kẹ̀? Nọ́ọ̀sì ló kà á fún mi, òun náà ń sunkún." Ó wá ń sọ ọ́ fún mi bó ṣe há a sórí: "'Ọmọ mi, lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ jó irin níwájú mi, mo sá wọ yàrá, mo ní mò ń wá gíláàsì mi. Ẹkún ayọ̀ ni mo lọ sun. Bí o ríran, bí o kò ríran, ìwọ ni mo fi ń yangàn láyé.'"

Mi ò kọ ọ́. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyá rẹ̀ tó ń wò mí lẹ́nu.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Bó ṣe rí nìyẹn."

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Afárá ti parí, ọkọ̀ ńlá ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹnikẹ́ni tó bá kí mi lójú pópó báyìí, kó tó béèrè àlàáfíà mi, mo ti sọ fún un ẹni tó jó irin ibẹ̀ pọ̀.

Mo padà wo ẹ̀dà lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́. Àwàdà mi ló wà níbẹ̀, pérépéré. Mo pa òfin náà rẹ́ pátápátá. Ohùn fáànù kò yí padà, ó ṣì relẹ̀ bíi ti ọjọ́ tí mo kọ òfin náà.

Inú ẹ̀rọ yẹn náà ni mo ti tẹ ohun tí ẹ ń kà yìí. Ní tèmi o, ìtàn ewúrẹ́ kan tó jẹ fìlà ni mo kọ, kì í ṣe èyí.