Káàdì Orí Bẹ́ẹ̀dì Bàbá Télọ̀

Aago méjìlá ọ̀sán ti lù. Nọ́ọ̀sì ti fa oògùn ìtọ̀ ṣúgà sínú abẹ́rẹ́, ó ń nu apá Bàbá Télọ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún lẹ́sẹ̀. Ohun tí ìwé dókítà wí náà nìyẹn: ẹ gún un kó tó jẹun ọ̀sán.

Obìnrin tó ń pín oúnjẹ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé. Má-jẹ́-ó-tutù ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é, nítorí igbe tó máa ń ké nìyẹn. Ó wo káàdì tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì: "Ẹ má fún un lóúnjẹ títí di ìgbà iṣẹ́ abẹ." Ó kọjá. Ó tún padà.

"Nọ́ọ̀sì mi, ẹ má bínú o. Bàbá yìí ò tíì jẹun láti àná. Ṣé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún kí wọ́n tó jẹun kọ́ nìyẹn?"

"Ìyá, ẹ fi tiwa sílẹ̀ fún wa. Abọ́ ni tiyín."

"Òótọ́ ni, abọ́ ni tèmi. Abọ́ náà ni mo ń sọ pé kò dé ọ̀dọ̀ bàbá."

Ọwọ́ nọ́ọ̀sì dúró. Ó wojú bàbá: òógùn ti bò ó, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?"

"Ọmọ mi, abẹ́rẹ́ méjì ni mo rí lọ́wọ́ rẹ. Èwo la fẹ́ fi ránṣọ nínú wọn?"

Bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bàbá. Ó ti lọ sílẹ̀ jọjọ; oògùn àná ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ara tí ebi ń pa. Bí ti ọwọ́ òun bá tún wọlé ńkọ́? Kíá, ó fún bàbá lómi ṣúgà mu, ó ránṣẹ́ pe dókítà.

"Ṣebí àárọ̀ ni mo ti sún iṣẹ́ abẹ wọn di ọ̀la?" Dókítà yanu. "Mo rò pé ẹ ti yọ káàdì yìí."

"Èmi rò pé òní náà ni iṣẹ́ abẹ, sà. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi."

Apoògùn tó bá dókítà wá mi orí. "'Mo rò pé' méjì ló fẹ́ pa ẹnì kan yìí. Dókítà, ẹni tó bá yí ètò padà ni kó wí i síta. Nọ́ọ̀sì, tiyín ni káàdì, tiyín náà ni kí ẹ bèèrè oúnjẹ kí ẹ tó gún abẹ́rẹ́. Tèmi ni kí n tún àkókò oògùn tò. Ìyá, kí ni tiyín?"

"Kí n máa pariwo ni, sà."

Bàbá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti ń wálẹ̀. Dókítà fọwọ́ ara rẹ̀ yọ káàdì.

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀. "Má-jẹ́-ó-tutù, abọ́ lọ́wọ́, ojú lára aláìsàn! Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àbámọ̀. Oúnjẹ ò ní wọ́n nílé yín láé."

"Àmín o. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí bàbá jẹun kí oúnjẹ tó tutù."

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ọpẹ́ ni tiwọn já sí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ẹ tó kúrò nídìí aláìsàn, kí kálukú fẹnu ara rẹ̀ sọ iṣẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀. Bí ètò bá yí, ẹ sọ ọ́ títí dé ilé ìdáná. Ẹni tó bá sì kígbe ewu, ẹ má wo ipò rẹ̀: ẹ dáwọ́ dúró, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.