Èémí Mẹ́ta

Ọgbọ̀n ọmọ ló nà gbalaja sórí ilẹ̀ pátákó gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́. Ojú gbogbo wọn pa dé, kò sí èyí tó mira. Láàárín wọn ni ọkùnrin kan nà sí, bàtà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì yọjú jáde nínú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀rù ba tísà kíláàsì karùn-ún lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń kọ́ ọmọ, kò rí i rí kí ọgbọ̀n ọmọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí ló ṣe wọ́n?" ló béèrè.

Ọkùnrin náà kò lajú. Ó kàn na ìka kan sókè pé kó dúró. Tísà sì dúró, ohun tí kì í ṣe ìwà rẹ̀. Kì í ṣe lásán ni àwọn ọmọ ń pè é ní Àǹtí Kíákíá. Ó ń rìn kíá, ó ń sọ̀rọ̀ kíá, bí ẹlòmíràn bá sì ń wá ọ̀rọ̀, yóò ti bá onítọ̀hún sọ ọ́ tán.

Nígbà tó ṣe, ọkùnrin náà dìde jókòó. "Èémí ara wọn ni wọ́n ń gbọ́," ló wí. "Ẹ kú ìdúró, Àǹtí."

Oníṣeré orí ìtàgé ni. Ilé ẹ̀kọ́ gbà á fún ọ̀sẹ̀ méjìlá péré, kó máa bá àwọn ọmọ gbé, kó kọ́ wọn ní ijó àti eré, kí wọ́n sì ṣe eré kan fún àwọn òbí níparí rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjìlá bá pé, yóò kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀ nìyẹn, inú àpótí kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tó ní wà.

Òfin kan ló ní. Bí ọmọ bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìtàgé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ sí i létí. Gbogbo wọn á jọ mí lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á dúró dè é. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti sọ òun náà lórúkọ, Bọ̀ọ̀dá Èémí-Mẹ́ta.

Òfin yìí le fún Àǹtí Kíákíá. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ máa ń há sí lọ́fun, òun gan-an ni Bọ̀ọ̀dá sì mú pé kó ṣe ẹyẹ tó ṣìnà nínú eré. Bí ọmọ náà bá ti dákẹ́, ẹnu tísà á máa yún un.

"Àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí," ló sọ lọ́jọ́ kan tí àwọn méjèèjì ń kun ìyẹ́ páálí ní yàrá iṣẹ́ ọnà.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ bá bá a sọ, ti yín ni. Tirẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀dà ti kàn yín nímú, Àǹtí Kíákíá."

"Ta ló sọ orúkọ yẹn fún yín?"

"Ọgbọ̀n ẹlẹ́rìí ni mo ní."

Tísà rẹ́rìn-ín títí búrọ́ọ̀ṣì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, ojú ló ń bá ojú sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, wọn kò fi "ẹ" bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ìfẹ́ sì ti wọ̀ wọ́n lára.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù," ni ọkùnrin náà sọ. "Kò sí ibi tó wù mí kí n dúró sí rí. Ṣùgbọ́n ìwọ yìí, mo fẹ́ fẹ́ ọ. Bá mi sọ fún bàbá rẹ, kí n mọ ìgbà tí mo lè wá kí wọn."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá tísà fi kéde ọkọ̀ ojú irin ní ibùdó, kò sẹ́ni tí kò mọ ohùn rẹ̀ nílùú. Lẹ́yìn náà ni rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ọ̀rọ̀ sì wá ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìnira. Ìyá ti kú, ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì bí. Òun ló ń wẹ̀ fún bàbá, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun náà ló ń bá a parí ọ̀rọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀: pé oníṣeré ni, pé ìlú kejì ló ń kó lọ láìpẹ́, ibùdó kẹta tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró, àti pé ó fẹ́ fẹ́ òun.

Bàbá gbé ọwọ́ tó ṣì lágbára sókè. "Kò... kò gbọdọ̀..."

"Kò gbọdọ̀ fẹ́ mi. Mo ti gbọ́ yín, Bàámi. Ẹ má da ara yín láàmú."

Bàbá fọwọ́ lu apá àga lẹ́ẹ̀mejì. Ó lanu, ọ̀rọ̀ kò jáde, ó sì kọjú sí ògiri. Ọmọ rò pé ìbínú ni. Ó lọ fọ abọ́, omijé rẹ̀ ń kán sínú omi ọṣẹ.

"Bàámi kọ̀," ló sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. "Bí mo bá sì bá ọ lọ, ta ni màá fi wọ́n sílẹ̀ fún? Jẹ́ ká fi mọ síbẹ̀."

"Ṣé àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ tán?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. "Ìwọ tó dé lánàá ni yóò kọ́ mi bí mo ṣe máa gbọ́ bàbá mi?"

Ọkùnrin náà padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ló kù láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn àwọn méjèèjì gbọgbẹ́.

Ọjọ́ eré pé. Kò sí ẹni tí yóò dúró ti bàbá nílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ni ọmọ rẹ̀ bá fi kẹ̀kẹ́ arọ tì í wá, ó gbé e sí iwájú pátápátá. Eré lọ geerege títí ẹyẹ fi padà délé. Ìyá ẹyẹ bi í pé níbo ló wà láti ọjọ́ yìí. Ọmọbìnrin náà lanu, ọ̀rọ̀ há.

Gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n tísà: "Mo ṣìnà ni, Ìyá." Ó wo òdìkejì. Ọkùnrin rẹ̀ dúró síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Tísà di ẹnu rẹ̀ mú. Àwọn ọmọ mí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n mí lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n mí lẹ́ẹ̀kẹta.

"Mo ń bọ̀ látìgbà yẹn," ni ọmọ náà wí ketekete. "Ẹ̀yin ni ẹ ò dúró dè mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé eré. Àwọn òbí dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Tísà wo bàbá rẹ̀. Omijé ń ṣàn lójú bàbá, ó sì ń fọwọ́ lu apá kẹ̀kẹ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe lù ú lọ́jọ́ sí. Nígbà náà lara obìnrin náà bù máṣọ.

Nígbà tí gbọ̀ngàn ṣófo, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Oníṣeré ń di ìyẹ́ páálí sínú àpótí ní ìkángun yàrá.

"Bàámi, ẹ dárí jì mí. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ ní kò gbọdọ̀. Mi ò jẹ́ kí ẹ parí rẹ̀."

Èémí mẹ́ta kọjá. Ó di márùn-ún, ó di mẹ́jọ. Ọmọ fi eyín di ètè rẹ̀ mú kó má bàa sọ̀rọ̀.

"Kò... gbọdọ̀... kó... lọ," ni bàbá wí. Ó sinmi díẹ̀. "Ọkọ̀... ojú irin... wà. Aago méje... ìṣẹ́jú... mẹ́wàá."

Ogójì ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ àárọ̀ yẹn fi ń dé ìlú kejì, ó sì ń padà nírọ̀lẹ́. Ènìyàn lè máa ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún kó máa sùn níbí. Ẹni tó kéde ọkọ̀ náà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ọmọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kó ráyè wí. Obìnrin náà gbé orí lé itan bàbá rẹ̀, ó sunkún.

Ìyẹ́ páálí bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó rìn wá, ó kí bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì kúnlẹ̀ ti obìnrin náà.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ó lanu láti dáhùn, ó tún pa á dé. Ó mí lẹ́ẹ̀kan, ó mí lẹ́ẹ̀kejì. Ara bàbá kò gbà á mọ́, ó ti ń la ẹnu láti bá a dáhùn, ni oníṣeré bá na ìka kan sókè. Bàbá pa ẹnu dé, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín.

Obìnrin náà mí lẹ́ẹ̀kẹta.

"Màá fẹ́ ọ," ló wí, kò sì kánjú sọ ọ́.