Ohun Tó Ń Kàn Nísàlẹ̀ Ihò Pozo Amargo

Lọ́jọ́ kejì tí ihò ìwakùsà Pozo Amargo wó, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í kàn nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, á dákẹ́ díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn.

Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. "Baba Oníhò, ẹ̀mí tó ni abẹ́ ilẹ̀, ni," ni Casimiro àgbà sọ wúyẹ́wúyẹ́. "A ti da ilé rẹ̀ rú. Ẹ fún un lọ́tí, ẹ má sì dá a lóhùn o." Nínú aṣálẹ̀ yẹn, ẹni tó bá dá Oníhò lóhùn ti gbà láti lọ bá a gbé.

Ta tilẹ̀ ni ì bá tún jẹ́? Bí òṣìṣẹ́ bá ń wọlẹ̀, á fi àmì idẹ rẹ̀ kọ́ sára pátákó ẹnu ihò. Bó bá jáde, á mú un. Nígbà tí òrùlé ihò já, pátákó ṣófo; gbogbo ènìyàn gbà pé kò sẹ́ni nísàlẹ̀.

Fidencio ló mú àmì ọ̀rẹ́ rẹ̀ Nolasco mọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Bá mi mú tèmi, ọ̀lẹ," ni Nolasco fi ṣẹ̀fẹ̀. "Òkúta kan ló kù, mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ." Fidencio lọ sùn. Nígbà tí kò rí i mọ́, ó gbà pé ó ti bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ìlú Calama, níbi tí ìyàwó rẹ̀ Eduvina wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí pé òun ń lọ.

Nítorí náà, Fidencio fúnra rẹ̀ ló gbé ọtí lọ. Ó dà á sáàárín òkúta, ó fọ́n ewé koka tí àwọn awakùsà máa ń jẹ lé e, ó kúnlẹ̀. "Ẹ mu ún, Baba. Ẹ má bínú sí wa." Ni kíkàn náà bá yára sí i, bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Fidencio sá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, ó dákẹ́. "Baba ti yó," ni wọ́n wí, ara sì tu gbogbo abúlé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Eduvina sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Òun nìkan ni.

"Nolasco ńkọ́?" ni Fidencio bi í.

"Èmi ló yẹ kí n bi ọ́. Ó ń wá sẹ́nu ọ̀nà màmá mi nírọ̀lẹ́, eruku bò ó, kò wọlé, kò jókòó." Ohùn obìnrin náà lọ sílẹ̀. "Ó ní o wà lókè orí òun. Ó ní ò ń bá òun sọ̀rọ̀, àmọ́ Baba lò ń pe òun."

Fidencio figbe ta. "Èmi ni mo mú àmì rẹ̀, Eduvina. Èmi ni." Gbogbo àgbà pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ó sáré lọ sẹ́nu ihò, ó ń fi ọwọ́ lásán hú òkúta.

"Nolasco! Nolasco o!"

Ó pe orúkọ náà títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò sẹ́ni tó dáhùn.