Ta Ló Da Omi sí Kíláàsì Ọ̀fẹ́?

Omi ni olùkọ́bìnrin kọ́kọ́ rí, ó ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, igbe ló fi ta. Àwọn kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ ògiri ti rin gbingbin, ìwé àwọn ọmọ sì ti wú bíi búrẹ́dì tó jábọ́ sínú tíì. Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ aláìní àgbègbè náà ni wọ́n dá ẹ̀kọ́ àfikún ọ̀fẹ́ yìí sílẹ̀ fún. Bí kò bá sí i, kò tún síbi tí wọ́n ń lọ.

Rọra-wò ni wọ́n ń pe ọlọ́pàá tó wá. Ó wo ilẹ̀kùn: wọn ò já a, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i. Ó wo rọ́bà omi tí wọ́n fà wọlé. Ó wá wo àga àwọn ọmọ. Gbogbo wọn ló dojú dé lórí tábìlì, ẹsẹ̀ wọn nà sókè.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé àga báyìí lánàá?"

"Rárá o, sà. Ilẹ̀ ni wọ́n wà. Sà, ẹ gbà mí, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ máa tì wá pa!"

Ẹni méjì míì ló ní kọ́kọ́rọ́. Èkíní ni tíṣà tó ń gbowó kọ́ni ní yàrá kejì, ẹni táwọn ọmọ sọ ní Sanwó-kóo-tó-jókòó.

"Ọ̀gá, èmi lẹ fura sí," ló wí. "Ọ̀fẹ́ yìí kó gbogbo ọmọ lọ lọ́wọ́ mi, mo sì pariwo ẹ̀ káàkiri. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n pè lólè kì í gbé ọmọ ewúrẹ́ jó. Ṣé èmi náà ni màá tún lọ da omi?"

Èkejì ni ìyá àgbà tó ń fọ ilé-ìwé náà.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ lọ́mọ tó ń kàwé?"

"Ọmọ ọmọ mi ni. Ìyá ẹ̀ ti kú."

"Ṣó ń wá síbi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́?"

"Ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ní òdìkejì títì là ń gbé, pé àgbègbè tiwa ò sí níbẹ̀. Ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi."

Rọra-wò pe gbogbo wọn sí yàrá kejì. Ó gbé garawa omi kan, ó sì dà á sílẹ̀ yàà láàárín àga.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi nu ún! Tíṣà, ẹ mú ìhín. Màmá, ẹ mú ọ̀hún."

Tíṣà ti àkísà sáàárín ẹsẹ̀ àga, omi ta sí i ní bàtà. Màmá ò tíì fọwọ́ kan àkísà tó fi gbé àga kan dojú dé lórí tábìlì, ó gbé òmíràn lé e. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí Rọra-wò dá a dúró.

"Màmá, ẹ gbé e sílẹ̀."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ohun tẹ́ ẹ ṣe lánàá náà ni. Tíṣà ò rántí àga rárá. Ẹni tó ti ń fọlẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́ lọwọ́ ẹ̀ máa gbé àga kó tó ronú, àní nígbà tó ń ba yàrá jẹ́."

Ìyá jókòó sínú omi.

"Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n! Mo ní kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn, kó ṣáà máa gbọ́. Wọ́n ní òfin. Bó bá kùnà, ìgbálẹ̀ yìí ló máa jogún."

"Màmá, ẹ ò tiẹ̀ bẹ̀ mí!" ni tíṣà wí.

"Ìwọ? Sanwó-kóo-tó-jókòó?"



"Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ ba tiwọn jẹ́ ńkọ́?" ni Rọra-wò bi í. "Òbí wọn ò lówó jù yín lọ."

Ìyá fọwọ́ bojú. Fóònù olùkọ́bìnrin dún. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé e sílẹ̀.

"Ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ti tì wá. Kò sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mọ́."

Rọra-wò di ìyá lọ́wọ́ mú. Lẹ́nu ọ̀nà, ìyá yíjú padà. "Ọmọ ọmọ mi... ta ló máa kọ́ ọ..."

Olùkọ́bìnrin ló dá a lóhùn.

"Mi ò tíì dárí jì yín, Màmá. Ṣùgbọ́n ìloro ilé mi ni màá ti máa kọ́ wọn látọ̀la. Kò sí ọ́fíìsì tó ni ìloro mi. Ẹ ní kó máa bọ̀."

Ìyá ò tíì sunkún látàárọ̀. Ìgbà náà ló bú sẹ́kún.